Orúkọ Tí Ìyàwó Kò Gbọdọ̀ Pè

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, wọn ò sì purọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ fún wa ohun tí yóò yọ lápò nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dára nínú, tó wá bàjẹ́ lórí ahọ́n kó tó bọ́ síta. Irú rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí Akínkúnlé ọmọ ilé Sàláwù, ní abúlé wa Òkè-Ekùrọ́, lẹ́bàá ọ̀nà oko tí àwọn alálùpùpù ń gbà lọ sí Idigny.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Akínkúnlé. Ara rẹ̀ le, ojú rẹ̀ dá, ó sì mọ ìwà hù. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé "k" kò gba ẹnu rẹ̀ jáde. Ibi tó bá ti yẹ kí k dún, t ni wàá gbọ́. Àkàrà di àtàrà, ìkòkò di ìtòtò, Kétu ìlú ọba sì di Tétu. Bó bá ṣe pé lórí àkàrà ló mọ, ta ni ìbá bínú? Ìkíni ló dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: kí ni Yorùbá fẹ́ fi ojúmọ́ ṣe tí kò ní sọ pé "ẹ kú"? Akínkúnlé kì í sì kọjá lára àgbà láì kí i. Bó bá bá ẹni tó ń ṣiṣẹ́, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á ní, "Ẹ tú iṣẹ́ o." Bó bá dé ọjà, á ní, "Ẹ tú ọjà o." Àwọn obìnrin tó pàtẹ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ bo ọjà wọn.

Èyí tó burú jù ni ti Désiré aládùúgbò wọn. Désiré gbé ìyàwó tuntun wọlé, kò sì sẹ́ni tó tètè yọjú sí wọn láàárọ̀ ọjọ́ kejì bí Akínkúnlé. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ohùn sókè kí wọ́n lè gbọ́ ọ nínú yàrá, ó ní, "Ẹ tú ilé o." Ọ̀sẹ̀ yẹn ò parí tí ìyàwó fi di ẹrù rẹ̀, ó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Adakplamè. Ẹni tó bá ti sùn nítòsí Désiré rí mọ̀ pé ìhanrun rẹ̀ nìkan tó lé obìnrin, àní ó tó lé àwọn adìyẹ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n a kì í rí ẹni gbé ẹ̀bi fún ká tún máa wá ọ̀ràn nínú ihò imú ọkọ. Gbogbo abúlé wo Akínkúnlé.

Ní ilé-ìwé náà, kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mẹ́tìrì tó ń kọ́ wọn bi í bóyá ó ti ka ìwé rẹ̀ nílé, ọmọ náà ní, "Ẹn, mo ti ta á." Mẹ́tìrì ránṣẹ́ sí ilé Sàláwù pé kí wọ́n wá sọ ẹni tí ọmọ wọn ta ìwé ìjọba fún.

Nígbà tó yá, Akínkúnlé dákẹ́. Á dọ̀bálẹ̀, á dìde, kò ní la ẹnu. Ìyẹn náà tún di ẹjọ́: wọ́n ní ọmọ náà ti ń gbéraga.

Wàyí o, ilé Sàláwù ló fi ilẹ̀ sílẹ̀ tí wọ́n kọ́ ilé-ìwé Òkè-Ekùrọ́ sí. Nítorí ìyẹn, lọ́dọọdún, níbi àṣeyẹ ìparí ọdún, ọmọ ilé Sàláwù kan ló máa ń jáde síwájú àlejò, á pe orúkọ ara rẹ̀, á sì kí gbogbo èèyàn káàbọ̀. Ẹ̀tọ́ wọn ni, wọn kì í sì í fi ṣeré. Àwọn ọmọ ilé Sàláwù tó ti ṣe é rí ti dàgbà kúrò nílé-ìwé, àwọn tó kù kò tíì gbọ́njú. Akínkúnlé ló kàn. Gaston, tí ilé rẹ̀ kọjú sí ilé-ìwé gan-an, ti wá bá Dírẹ́tọ̀ Firmin, ọ̀gá ilé-ìwé, ó ní bí ilé Sàláwù kò bá ní ọmọ tó lè la ẹnu, òun ní ọmọbìnrin kan, Prudence, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ó ní kì í ṣe pé òun ń du nǹkan o, òun kàn fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ ni.

Akínkúnlé gbọ́. Ó lọ bá Bàbá Sàláwù tó jẹ́ bàbá àgbà rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan orókún bàbá náà, ó ní òun fẹ́ ṣe é. Ohun tó wí gan-an ni pé, "Mo fẹ́ tí wọn." Bàbá ní ó dára, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n rí nǹkan ṣe sí ẹnu yẹn ṣáájú ọjọ́ náà, torí bí ọmọ náà bá lọ dúró níwájú olórí arọ́ńdísímáà, ọ̀gá ìjọba agbègbè wa, tó ní "ẹ tú àbọ̀", Gaston ni yóò máa ṣe é títí láé.

Ibẹ̀ ni Adéoyin ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Ọmọ Kétu ni Adéoyin, àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ oníṣòwò tí wọ́n ti Nàìjíríà wá tẹ̀dó síbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó kàwé dé Lomé, ó sì kọ́ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni lágbègbè wa kò gbọ́ rí. Ọ̀tọ̀fonísìtì ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ náà ni pé kó máa tọ́jú ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ: ọmọ tó ń kólòlò, èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ́ kó tó dé, èyí tí ohùn rẹ̀ ń gba imú. Ìjọba ní kó máa yí ká àwọn ilé-ìwé tó wà lágbègbè Idigny, ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ sì ni ti Òkè-Ekùrọ́.

Obìnrin tó mọṣẹ́ ni. Ìṣòro rẹ̀ kan ni pé ó fẹ́ ọmọ ilé Sàláwù. Aboubakar tó ń tún alùpùpù ṣe ní Idigny ni ọkọ rẹ̀.

Ẹ sì mọ òfin ilé ọkọ. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ, pàápàá ẹni tí wọ́n ti bí kí òun tó dé. Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn, àti arúgbó àti ọmọ ọwọ́. Orúkọ àdàpè ni yóò wá fún wọn. Ní ilé mìíràn, ọ̀rọ̀ náà ti ń rọ̀, ṣùgbọ́n ní ilé Sàláwù, Agathe wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Aboubakar ni Agathe, ọmọ-osú tó ti ilé ọkọ padà wálé, tó sì sọ ara rẹ̀ di adènà òfin. Ìyàwó tó bá ṣèèṣì pe orúkọ ọmọ ilé, Agathe ti gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn odò, ìtanràn sì dé. Èèyàn méjì nínú mẹ́ta nínú àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ló sì jẹ́ ìbátan ilé Sàláwù, Agathe sì ka gbogbo wọn mọ́ ọmọ ilé. Nígbà tí Adéoyin kọ́kọ́ dé, Dírẹ́tọ̀ Firmin bi í pé ọmọ wo ló fẹ́ kó kọ́kọ́ jáde wá. Ará Abomey ni Firmin, kò mọ nǹkan kan nípa èyí. Adéoyin wo ilẹ̀, ó ní òun fẹ́ rí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Gbogbo àwọn ọmọ tó tín-ín-rín ní kíláàsì dìde.

Akínkúnlé ní tirẹ̀, Akọ̀wé ló ń pè é. Ó máa ń kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i láàárọ̀, á ní, "Akọ̀wé, ọkọ mi, ṣé a jí dáadáa?" Lẹ́yìn náà á dìde, á fà á lọ́wọ́ lọ sábẹ́ igi mángòrò, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ fún un.

Ó gbé ṣíbí wá. Ó la ẹnu ọmọ náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì sọ fún Bàbá Sàláwù pé kò sí àrùn kankan nínú rẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ ló yá jù. K ń fẹ́ kí ẹ̀yìn ahọ́n gbéra lọ kan òkè ọ̀fun, ṣùgbọ́n iwájú ahọ́n ọmọ yìí kì í gbà kí ẹ̀yìn ṣiṣẹ́. Á ti sáré síwájú lọ kan eyín, bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu. Ó ní ká so iwájú mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn á gbéra fúnra rẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Adéoyin á fi ṣíbí tẹ iwájú ahọ́n ọmọ náà mọ́lẹ̀, á ní kó sọ pé "kún". Ọmọ náà á fẹ́ sọ pé "tún", ṣíbí ò ní jẹ́ kí ahọ́n dìde, ohun kan tó jọ híhó ìkòkò á sì jáde. Á ní kó dùbúlẹ̀ sórí ẹní kó kọjú sí ọ̀run, kí ahọ́n lè yọ̀ padà sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Á fún un lómi mu, á ní kó má gbé e mì, kó jẹ́ kó máa hó ní ọ̀nà ọ̀fun. Á ní kó húkọ́, kó sì fi ọgbọ́n di ikọ́ náà mú kó tó sá lọ, torí inú ikọ́ gan-an ni k ń gbé. Àwọn ọmọ yòókù rí i, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Kò pẹ́, bí a bá ṣí àwọn ọmọ sílẹ̀ fún eré, ńṣe ni wọ́n ń dùbúlẹ̀ káàkiri àgbàlá, ẹnu wọn ṣí sí ojú sánmà, omi ń hó lọ́fun wọn. Àlejò kan tó gba ibẹ̀ kọjá yí alùpùpù rẹ̀ padà.

Ìròyìn tàn pé obìnrin kan wà nílé-ìwé Òkè-Ekùrọ́ tó mọ̀ nípa ikọ́. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ wọn wá láti oko, àwọn tí otútù mú. Adéoyin ṣàlàyé títí, ó ní kì í ṣe wíwo ikọ́ lòun ń ṣe, òun ń kọ́ ọmọ ní ikọ́ ni. Àlàyé náà kò ràn án lọ́wọ́. Agathe dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó kó apá rẹ̀ sáyà, ó wò wọ́n bí wọ́n ṣe tò sílẹ̀ tí wọ́n ń húkọ́.

"Ilé ẹ̀kọ́ la fi ilẹ̀ fún," ló wí. "A ò fi ilẹ̀ fún ilé ikọ́."

Adéoyin kúnlẹ̀ fún un, ó sì fi ṣíbí pamọ́ sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Lọ́jọ́ kan, omi tí Akínkúnlé fi ń hó lọ́fun gba ọ̀nà òdì, ọmọ náà húkọ́ tagbáratagbára, láàárín ikọ́ náà sì ni "kún" kan bọ́ síta, odindi, ó mọ́ kedere. Òun fúnra rẹ̀ jókòó, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ló sọ ọ́. Ó tún sọ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó sinmi mọ́. Gbogbo nǹkan ló ń kún. Ó ń sọ fún àwọn adìyẹ pé ìkòkò ti kún.

Kàyéfì tó tẹ̀ lé e ni pé, nígbà tó ti rí k he, ó fi k sí ibi gbogbo. T kò jẹ́ nǹkankan mọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n bi í níbo ni ìyá àgbà rẹ̀ wà. Ìyá àgbà wà lọ́jà, ó ń ta gaàrí. Akínkúnlé ní, "Ó ń ka gaàrí." Ẹni tó bi í ní ṣé lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan ni? Adéoyin ní ká má ṣàníyàn, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bàtà, ó lè wọ̀ ọ́ sùn. Ó jókòó tì í, ó ń pín t fún un, ó ń pín k fún un, díẹ̀díẹ̀, títí olúkúlùkù fi mọ ilé ara rẹ̀. Ata padà jẹ́ ata. Àkàrà jẹ́ àkàrà. Lóṣù kan ṣáájú àṣeyẹ, Akínkúnlé kí Désiré pé "ẹ kú ilé," Désiré sì fún un ní búrẹ́dì.

Ó wá ku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan: orúkọ rẹ̀.

Ó lè pe akọni, ó lè pe ìkúnlẹ̀. Bó bá ti ku díẹ̀ kó pe orúkọ ara rẹ̀, ahọ́n á ti sá lọ sí ìdí eyín: Atíntúnlé. Orúkọ ló ti pẹ́ jù lẹ́nu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì ti ń pè é láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ọ̀nà tó sì fi kọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù ni pé Adéoyin á pè é, òun á tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀, á tẹ́tí sí i, á wá pè é tẹ̀ lé e. Orúkọ yìí nìkan ni kò lè ti ẹnu Adéoyin wá.

Adéoyin bẹ Dírẹ́tọ̀ Firmin pé kó bá òun pè é. Firmin gbìyànjú gidi, ṣùgbọ́n ó gbé Faransé wọ orúkọ náà láṣọ, ó ní "Akẹnkunléè." Akínkúnlé tó ti mọ bí a ṣe ń tẹ̀ lé ẹnu èèyàn pè é gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ méjì kọjá kí wọ́n tó rí i yọ. Wọ́n pe Bàbá Sàláwù. Eyín bàbá ti dín kù, afẹ́fẹ́ ń gba àárín orúkọ kọjá, ọmọ náà sì ń súfèé tẹ̀ lé e. Aboubakar ní tirẹ̀ kò lè pè é parí kó má bú sẹ́rìn-ín. Ó ku Agathe. Agathe gbà, ó ní orúkọ ọmọ ilé òun kì í ṣe ẹrù fún òun. Ó mí kanlẹ̀, ó pè é. Kó tó dé "lé," Akínkúnlé ti sá wọ inú oko àgbàdo. Láti kékeré, tí Agathe bá pe orúkọ yẹn báyìí, ẹgba ló máa ń tẹ̀ lé e.

Adéoyin gbìyànjú láti gba ẹ̀yìn wọlé. Ó bi í pé, ẹni tí kì í bẹ̀rù, kí là ń pè é? Ó ní, omi tí kò jẹ́ kí àyè kù nínú ìkòkò, kí ló ṣe? Ibi tí a ń sùn sí ńkọ́? Ọmọ náà dáhùn gbogbo rẹ̀ láìṣì. Ó wá ní kó so wọ́n pọ̀. Ọmọ náà wò ó, ó mọ ibi tó ń lọ, ahọ́n rẹ̀ náà sì mọ̀ ọ́n. "Atíntúnlé," ló wí, omijé sì dé ojú rẹ̀.

Ọjọ́ àṣeyẹ pé. Wọ́n ta tapólì, wọ́n to àga. Sẹ́à, ìyẹn olórí arọ́ńdísímáà wa, pẹ́ kó tó dé bí àṣà wọn, nígbà tó sì dé, ó jókòó, ó mu omi, ó nu ojú. Gaston ti jókòó síwájú, Prudence ọmọ rẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, aṣọ tuntun lọ́rùn rẹ̀, ó ti ń fi ètè ka ìkíni sínú. Àwọn ìyàwó ilé Sàláwù kúnlẹ̀ lápá kan nídìí omi àti oúnjẹ, Adéoyin sì wà láàárín wọn.

Dírẹ́tọ̀ Firmin ní kí ọmọ ilé Sàláwù jáde. Akínkúnlé jáde. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó na ara rẹ̀ gbọnrangandan.

"Èmi," ló wí.

Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. A dúró. Gaston rọra fi orókún ti ọmọ rẹ̀ síwájú díẹ̀. Akínkúnlé wo Dírẹ́tọ̀, ó wo bàbá àgbà rẹ̀, ó wo Agathe ó sì yára mójú kúrò. Ó wá Adéoyin rí láàárín àwọn obìnrin, ó sì tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe lábẹ́ mángòrò.

Adéoyin la ẹnu láì fọhùn, ó ń fi ètè ṣe é. Ṣùgbọ́n kí ni ètè mọ̀ nípa k? Inú lọ́hùn-ún ló ń gbé. Bó bá jẹ́ p ni, tàbí m, ojú ìbá rí i. Ọmọ náà ń wò, kò rí nǹkankan. Prudence ti dé àárín àgbàlá.

"Akínkúnlé," ni Adéoyin pè.

Kò pariwo. Ó pè é bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní Lomé, k kọ̀ọ̀kan mọ́ tónítóní, gbogbo ilé ọkọ rẹ̀ sì gbọ́ ọ. Ìyàwó tó kúnlẹ̀ tì í fi ìbòrí bo ojú. Àwọn tó ń pín omi dúró. Sẹ́à, tó jẹ́ ọmọ Yorùbá tó sì ní ìyàwó nílé, gbé ife rẹ̀ sílẹ̀.

Agathe ti dìde. Ó ní gbogbo yín gbọ́ o. Ó ní níwájú àlejò, lójú ọ̀sán gangan, ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé la ẹnu pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ gbàgàdà. Ó ní òun fẹ́ mọ ìtanràn tó tó irú ẹ̀.

Adéoyin wólẹ̀ síbi tó wà. Bàbá Sàláwù gbé ọwọ́ sókè.

"Agathe, ṣé ìwọ ló pè lórúkọ?"

Agathe ní rárá.

"Ṣé èmi ni?"

Rárá náà ni.

"Ẹni tí wọ́n bá pè lórúkọ ló ni ẹjọ́." Bàbá yí sí ọmọ náà. "Ìyàwó rẹ ṣẹ̀ ọ́. Dá ẹjọ́ rẹ̀ fún wa."

Akínkúnlé wo Adéoyin tó wólẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo rò pé ó gbàgbé àṣeyẹ, ó gbàgbé àlejò. Ẹjọ́ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọkùnrin sì ni. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn bó ṣe rí bàbá àgbà rẹ̀ tó ń ṣe.

"Èmi Akínkúnlé," ló wí, "ìyàwó mi pè mí lórúkọ. Kò dára. Kó din àkàrà kún ìkòkò, kó kó o wá fún mi, kó má fi ata púpọ̀ sí i." Ó ronú díẹ̀. "Kí Àǹtí Agathe náà máa rọra pè mí. Bí wọ́n bá ń pariwo orúkọ mi, kì í jẹ́ kí n lè pè é."

Ẹ̀rín tó sọ lábẹ́ tapólì yẹn, Sẹ́à ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Agathe fẹ́ bínú, ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, kò rí ẹni tí yóò bá a bínú. Ó jókòó. Láti orí ìjókòó, ó fi ohùn tí a kò mọ̀ pé ó ní rárá sọ pé, "Akínkúnlé, mo ti gbọ́." Adéoyin ò tíì gbé ojú sókè. Ó ń tẹ́tí ni, torí ó gbọ́ pé k wà ní ipò rẹ̀, t inú ata náà sì wà ní ipò rẹ̀, ọmọ náà kò sì wo ẹnu ẹnikẹ́ni kó tó pè é.

Gaston fà Prudence padà sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìgbà náà ni Dírẹ́tọ̀ Firmin rántí pé ọmọ náà kò tíì kí àlejò. Ó rọra sọ ọ́ sí i létí. "Ẹ kú àbọ̀" ni wọ́n ti jọ fi oṣù mẹ́ta kọ́. Akínkúnlé ṣí ẹnu láti sọ ọ́, ó sì dúró. Ó wò wọ́n. Wọ́n ti dé, ó ti pẹ́. Wọ́n ti mu omi, wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́, wọ́n ti rẹ́rìn-ín, Sẹ́à ti na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú. Ta ló ń kí irú wọn kú àbọ̀? Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kú ìjókòó o," ló wí.

Àtọkùnrin àtobìnrin, gbogbo wa la jẹ́ ẹ.